Ẹ má sọ fún ẹni tó ń sunkún pé "òmíràn ń bọ̀": Ohun tí ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ kan kọ́ mi ní Òkukù

Láàárọ̀ Sátidé kan nígbà òjò ọdún tó kọjá, wọ́n gé igi máńgòrò ńlá kan lulẹ̀ lẹ́yìn ilé tí mo ń gbé ní Òkukù. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà fẹ́ kọ́ yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gbà. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Ọgbà kan lára ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà nílùú yìí, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ ríbi sùn.

Bí igi yẹn ṣe wó lulẹ̀ gbì, àwọn ọmọdé hó yèè, wọ́n sáré lọ ṣa máńgòrò. Èmi náà jáde lọ wòran. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni, irun ara rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Inú ihò igi yẹn ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti kán, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gégi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Èyí ò tiẹ̀ tó ẹran ọbẹ̀. Ẹ jù ú sí ajá."

Mi ò ronú jìnnà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e, mo fi sínú fìlà mi, mo gba ilé lọ.

Ìyá onílé wa rí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe?"

"Màmá, mo fẹ́ tọ́jú ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kán."

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Kó o tọ́jú ẹ̀ tán, kó wá lọ máa jẹ kòkó mi lóko, àbí?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni màmá sì sọ. Àgbẹ̀ tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ kòkó rẹ̀ kò lè wò ó bí èmi tí mò ń ra oúnjẹ lọ́jà ṣe ń wò ó. Ṣùgbọ́n màmá yìí náà ló fún mi ní àkísà tí mo tẹ́ sínú páálí.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ báyìí, torí òun ló ń dùn mí jù títí dòní. Ní gbogbo àkókò tí mo fi ń wá páálí kiri, ọ̀kẹ́rẹ́ ńlá kan wà lórí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ògiri wa. Ó ń ké, ó ń ju ìrù, kò dákẹ́. Mo rò pé ariwo ẹ̀rọ agégi ló ń bí i nínú. Nígbà tó pọ̀ jù, mo ti fèrèsé kí n lè ráyè gbájú mọ́ ohun tí mò ń ṣe.

Ìyá ọmọ ni o. Ó ń pe ọmọ rẹ̀.

Mi ò mọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn gbé fóònù mi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé: "Ṣé o rí ìyá ẹ̀ nítòsí?" Ó ṣàlàyé pé tí ihò ọ̀kẹ́rẹ́ bá bàjẹ́, ìyá sábà máa ń padà wá, á fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣe ni kó gbé ọmọ náà sínú páálí tí kò ní ìdérí, kó gbé e sẹ́sẹ̀ igi tó wà nítòsí, kó sì yẹra fún wákàtí díẹ̀. Bóyá ìyá ì bá gbé e pẹ̀lú ẹsẹ̀ kíkán yẹn, bóyá kò ní gbé e. Èmi ni mi ò jẹ́ kó gbìyànjú. Nígbà tí mo jáde lọ wo orí ọ̀pẹ náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan ni mo ṣì ṣe. Kí n tó rí ọ̀rẹ́ mi yìí bá sọ̀rọ̀, mo ti fi síríńjì kékeré fún ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ náà ní mílíìkì inú agolo. Mo rò pé ọmọ ni, wàrà lọmọ ń mu. Kò mọ́ sí i lára o, ìgbẹ́ gbuuru ló dé. Ọ̀rẹ́ mi ní mílíìkì màlúù kì í bá inú wọn mu, pé wọ́n tilẹ̀ kì í fún ẹranko tó tutù lóúnjẹ rárá. Ooru ló ṣáájú: kó da omi gbígbóná sínú ike, kó fi aṣọ wé e, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan páálí, kó sì bo páálí náà kó ṣókùnkùn. Tí ara rẹ̀ bá yá gágá tán, omi ORS díẹ̀díẹ̀ ló kàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mílíìkì, mílíìkì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá sì ni. Ó tún ní kí n yéé gbé e sọ́wọ́ wò ní gbogbo ìgbà. Ẹranko ìgbẹ́ kò mọ̀ pé ìfẹ́ lò ń fi ọwọ́ pa òun lára. Ohun tó mọ̀ ni pé nǹkan ńlá kan ti mú òun.

Mo ti ń gbé e sọ́wọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀ bí ogún, mo ti fi sórí ìsọfúnni WhatsApp mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo pe ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn. Ọ̀gá tó gbé fóònù kò fi mí ṣẹ̀sín rárá. Ó ní: "Àbúrò, ká má tanra wa, ewúrẹ́, adìyẹ àti ajá la ní oògùn fún níbí." Àwọn tó ń tọ́jú ẹranko ìgbẹ́ wà ní Nàìjíríà lóòótọ́. Dókítà Mark Ofua àti Chinedu Mogbo wà l'Ékòó, tí ẹni tó bá rí akika tàbí ẹyẹ tó fara pa lè ké sí. Ṣùgbọ́n Èkó kì í ṣe Òkukù. Ta ni máa wọ mọ́tò láti Òkukù dé Èkó torí ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò lè fara da ọ̀nà?

Síbẹ̀, ara rẹ̀ yá díẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè. Ó mu omi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu síríńjì náà mú bí ọmọ tó ń mu ọmú. Inú mi dùn débi pé mo jáde lọ sọ fún àwọn ará ilé wa pé: "Ẹ lọ wá ìrẹsì sílẹ̀ o, Sátidé tó ń bọ̀ lọjọ́ kẹjọ, a ó sọ ọmọ lórúkọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ-ọmọ màmá onílé bẹ̀rẹ̀ sí í dá orúkọ.

Ó kú ní ìdájí Tọ́sìdeè. Nígbà tí mo ṣí páálí, ó ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike omi tó ti tutù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún. Ẹkún gidi ni, kì í ṣe omijé ojú lásán.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn èèyàn sọ. "Ṣebí ọ̀kẹ́rẹ́ ni." "Nítorí ọ̀kẹ́rẹ́? Ìwọ tó ò ń jẹ ẹran ìgbẹ́?" Ẹnì kan kọ ọ́ sí mi lórí WhatsApp pé: "Má banú jẹ́, wọ́n pọ̀ nínú igbó, òmíràn á jábọ́." Ó fi ẹ̀rín sí i.

Mi ò bínú sí i. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn kàn kọ́ mi lẹ́nu ni. Mo mọ̀ pé mo ti gbọ́ ọ níbì kan rí. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé ẹnu èmi gan-an ló ti jáde.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àǹtí mi bí ọmọkùnrin. Ọmọ náà kú lọ́jọ́ karùn-ún. A ti ra ìrẹsì, a ti san owó kánópì àti àga sílẹ̀ fún ọjọ́ kẹjọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n pe oníkánópì kó má wá mọ́. Mo pè é. Nígbà tí mo débi tí àǹtí mi wà, mo rí i tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmú rẹ̀ kún, aṣọ rẹ̀ rin. Ohun tí gbogbo àgbà ń sọ lèmi náà sọ: "Àǹtí mi, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ ṣì kéré. Òmíràn ń bọ̀."

Wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Ó dáa." Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nílé wa dárúkọ ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn mọ́. Ọmọ náà kò tiẹ̀ ní orúkọ tí a máa dá. Ọjọ́ kẹjọ là ń sọmọ lórúkọ, òun kò débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó yé yín o, mi ò fi ọ̀kẹ́rẹ́ wé ọmọ èèyàn. Ẹni tó bá sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n kò tíì sin ọmọ rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé irú gbólóhùn kan náà la fi ń pa àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀. Tí ohun tó kú bá kéré lójú wa, a máa ń sọ fún ẹni tó ń sunkún pé kí ẹkún rẹ̀ náà kéré. Àwa la ń fi òṣùwọ̀n wa wọn ìbànújẹ́ ẹlòmíràn. Òṣùwọ̀n yẹn kò péye. Ohun téèyàn ń sunkún rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n ara ẹni tó lọ nìkan. Ó ń sunkún oorun tí kò sùn, ìrètí tó ti ní, àti "ká ní mo ti mọ̀" tó ń yí lọ́kàn rẹ̀.

"Ká ní" yẹn gan-an ló burú jù. Ká ní mo gbé páálí yẹn sẹ́sẹ̀ ọ̀pẹ. Ká ní mi ò ti fèrèsé. Ẹni tí "ká ní" ń jẹ lọ́kàn, "òmíràn ń bọ̀" kò lè tù ú nínú, torí kò dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ńṣe ló ń sọ fún un pé kó má bèèrè.

Àwọn kan máa ní ìṣe Yorùbá nìyẹn, pé òkú ọ̀fọ̀ kì í ní ariwo, àti pé a kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ. Lóòótọ́ ni. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìbànújẹ́ yẹn lè gbé òbí lọ, wọ́n sì fẹ́ dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ wa. Ta ló ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, bí ìyá rẹ̀ kò bá sunkún rí? Ta ló ń jẹ́ Ẹkúndayọ̀, Kòkúmọ́, Málọmọ́? Yorùbá gbé ẹkún ọmọ tó lọ sára orúkọ ọmọ tó dé, kí gbogbo ayé máa pè é láràárọ̀. Ìran tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò gbàgbé ọmọ tó kú. Àwa tí a wà ní ìsinsìnyí la sọ ọ́ di "ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ẹranko náà kò yàtọ̀. Ọdẹ tó ń fi ìbọn pa ẹranko ló tún ń fi ìjálá kì í. Ó ń jẹ ẹ́, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Ní Òkukù yìí kan náà ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé ní àwọn ọdún 1970. Ó kó oríkì ìlú yìí jọ sínú ìwé tó jáde lọ́dún 1991, ó sì jẹ́ kí ayé rí bí àwọn obìnrin Òkukù ṣe ń fi oríkì bá àwọn tó ti lọ sọ̀rọ̀. Ìlú tó mọ bí a ṣe ń pe ẹni tó lọ lórúkọ ni mo wà, mo wá ń tijú pé mo sunkún.

Ìtàn kan tilẹ̀ wà tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n ní ó kọ́lé sẹ́bàá ọ̀nà, ó bí ìbejì, ẹnu rẹ̀ kò sì gba inú dúró, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń sọ fún. Àwọn èèyàn yà wọlé, wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ, wọ́n fi jẹ iyán. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi kọ́ wa ni pé ká ṣọ́ ẹnu wa. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n láti kékeré tí mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè rí pé ìyá ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́, nígbà tó délé, tó bá ilé lófìfo.

Àwọn tó ní "ebi ń pa èèyàn, ẹ ń tọ́jú ọ̀kẹ́rẹ́" ńkọ́? Mo gbọ́ yín. Àmọ́ ẹ sọ fún mi: ẹni tó fi ẹsẹ̀ tẹ ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ náà kọjá, ṣé owó tàbí àkókò tí kò ná sí i ló wá fi bọ́ ẹni tébi ń pa? Àánú kì í ṣe omi inú kòkò tí tibí máa gbẹ tí a bá bù ú fún tọ̀hún.

Ṣùgbọ́n àánú láìsí ìmọ̀ náà léwu, èmi lẹ́rìí. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan, Mark Longo, tọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Peanut fún bí ọdún méje, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti pa ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ New York wá gbé e, torí òfin ibẹ̀ kò gba kéèyàn tọ́ ẹranko ìgbẹ́ láìgba ìwé àṣẹ. Wọ́n pa á láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní àrùn dìgbòlugi. Kò ní in. Ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé bínú, wọ́n sì sunkún ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọn kò fojú kàn rí. Àwọn kan fi wọ́n ṣẹ̀sín. Èmi kò lè fi wọ́n ṣẹ̀sín mọ́.

Ẹ má gbàgbé pé òfin yẹn náà ní ìdí tirẹ̀. Lọ́dún 1985, àwọn onímọ̀ rí kòkòrò àrùn mpox lára ọ̀kẹ́rẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Zaire ìgbà náà. Lọ́dún 2003, àwọn ẹranko kéékèèké tí wọ́n kó láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà, tí ọ̀kẹ́rẹ́ wà lára wọn, ló gbé àrùn náà débẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ẹranko ìgbẹ́ tó fara pa, ẹ fi ìbọ̀wọ́ tàbí aṣọ nípọn gbé e. Ẹ wo àyíká bóyá ìyá rẹ̀ wà ńbẹ̀. Ẹ fi sínú páálí, níbi tó gbóná, tó ṣókùnkùn, tó dákẹ́. Ẹ má fún un ní mílíìkì màlúù. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ kí ẹ tó wá kámẹ́rà. Tó bá ge yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ.

Tí gbogbo rẹ̀ bá sì já sí òfo, ẹ sunkún tó bá yẹ. Kò sí ẹni tó lè fi òfin dè é.

Mo sin ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté máńgòrò náà. Màmá onílé wá dúró tì mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo bò ó tán ni wọ́n ní: "O gbìyànjú, ọmọ mi." Gbólóhùn yẹn ṣe mí láǹfààní ju gbogbo ohun tí mo kà lórí fóònù lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe àǹtí mi. Wọ́n ti bí òmíràn lóòótọ́, ó ti ń rìn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Mo ní: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín àkọ́kọ́, orúkọ wo lẹ fẹ́ sọ ọ́?"

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá orúkọ náà fún mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí imú rẹ̀ ṣe rí, bó ṣe máa ń di ìka wọn mú tó bá ń mu ọmú. A sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Nígbà tí a fẹ́ parí, wọ́n ní: "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí."

Ìwádìí NDHS ti ọdún 2018 ní nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n ń bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni kì í lo oṣù kan pé. Ẹ ò lè ṣàìmọ ìyá kan tàbí bàbá kan tọ́rọ̀ yìí kàn. Ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń gbélé. Wọ́n ti sọ fún un pé òmíràn ń bọ̀. Ẹ pè é lónìí, kí ẹ bi í nípa èyí tó lọ.